Ohun Tí Ó Há sí Ọ̀fun Bàbá Dùgùdùgù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ohùn àgbà ọdẹ kì í le bí ohùn ìbọn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀pà lápò kí ó há a yí ká; ẹni tí kò bá ní, kí ó fi etí rẹ̀ tọrẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni n ó máa sọ ìtàn yìí, nítorí pé inú igbó tí a ó gbà kọjá, ẹni tí ó bá ń sáré níbẹ̀ a máa gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sẹ́yìn. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti fojú kan ẹfọ̀n rí, mo sì dúró gbọin-in títí ó fi kọjá lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lórí igi ni mo ti dúró, ṣùgbọ́n ìdúró ni ìdúró ń jẹ́.

Ìtàn náà kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́wálé ni, ọmọ Òkè-Àgbámu, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. Ó jẹ́ ọdẹ nítorí pé baba rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ẹ̀rù sì máa ń bà á nítorí pé Ẹlẹ́dàá fún un ní ojú tí ń rí nǹkan. Bí ewé bá mì, á dúró. Bí ewé kò bá mì, á tún dúró, á ní kí ló dé tí kò mì. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Dúró-ná, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Orí àpáta ni Òkè-Àgbámu wà. Omi wọn wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta tí a bá jù sínú kànga wọn, a lè kí ara wa kú àárọ̀, kí a béèrè ọmọ, kí a béèrè ìyàwó, kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ̀rọ ògbólógbòó kan tí ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń fa omi náà wá sókè sínú àgbá ìlú. Ó dúdú, ó sanra, èéfín ń jáde lórí rẹ̀ bí àgbà tí ń fa ìkòkò tábà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n sọ: "Dùgù-dùgù, dùgù-dùgù." Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Dùgùdùgù. Àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Láṣebìkan ni ó ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí Láṣebìkan kú, wọ́n wò yí ká, wọ́n ní ta ni kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Gbogbo wọn ní Ọdẹ́wálé ni. Bí sípánà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ àṣà wọn. Ní Òkè-Àgbámu, a kì í da epo tuntun lé epo àná. Ìkòkò epo gbọ́dọ̀ gbẹ, kí a nu inú rẹ̀ mọ́, kí a tó bu òmíràn sí i. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn. Ọdẹ́wálé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ọwọ́ òun ni àṣà ti bàjẹ́. Ó jẹ́ kí Bàbá Dùgùdùgù mu epo inú táńkì rẹ̀ dé ìkán tí ó kẹ́yìn, títí ẹ̀rọ náà fi wúkọ́, tí ó mí kan, tí ó dákẹ́. Nígbà náà ni ó nu táńkì bí ẹni ń nu awo, ó da epo tuntun kún un, ó ní kí wọ́n yí i.

Wọ́n yí i, kò dún. Láyẹmọ, oníjàkadì ìlú, tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí ìdí ọ̀pẹ, di irin tí a fi ń yí ẹ̀rọ mú, ó yí i títí òógùn rẹ̀ fi rin ilẹ̀. Bàbá Dùgùdùgù kàn ń ṣe "fùú, fùú," bí ẹni tí ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ ràn. Epo kún inú, agbára wà lóde, ẹ̀rọ kò jí.

"Ọdẹ́wálé," ni Láyẹmọ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "kí lo fún bàbá mu?"

"Epo ni, ẹ̀gbọ́n."

"Epo wo?"

"Èyí tí ó ń mu kí a tó bí wa ni."

"Ó dáa. A jẹ́ pé ó ti gbọ́ pé ojo ni wọ́n fi òun lé lọ́wọ́. Ó ní kàkà kí ìtìjú pa òun, kí òun kúkú kú fúnra òun."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn, nítorí omi inú àgbá ìlú ti ń lọ sílẹ̀. Adégúnwà, Baálẹ̀ wọn, pe ìpàdé. Ó ní bí omi bá tán, kí wọ́n dìde, kí wọ́n kó lọ sí etí odò, ní òdìkejì Igbó Amọ́ẹsẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́wálé gbé ojú sókè. Gbogbo wọn mọ igbó náà. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni Igbó Amọ́ẹsẹ̀ ń jẹ́ kí ó kọjá. Ọmọ ọmú nìkan ni ó ń fojú fò. Àgbàlagbà tí a bá pọ̀n, igbó náà á gbà á lẹ́yìn ẹni tí ó pọ̀n ọ́n.

"Ẹni tí kò lè rìn ńkọ́, Baálẹ̀?" ni ó béèrè.

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn mọ ẹni tí ó ń sọ: Fẹ̀hìntọ́lá, ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí orúnkún rẹ̀ ti le bí igi, tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí kò ṣe pé a gbé e.

Baálẹ̀ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọdẹ́wálé, Láṣebìkan máa ń sọ pé inú igbó yẹn ni òun ti kọ́ ìwà Bàbá Dùgùdùgù, lọ́dọ̀ Ìyá Afẹ́fẹ́. A rò pé ẹmu ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ lè lọ wò ó?"

Ọdẹ́wálé kò sọ pé òun lè lọ. Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó rí i pé ó tutù.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́, àbí?"

"Ó ń bà mí, Ìyá mi."

"Máa mú un lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ó máa ń rántí ọ̀nà ilé. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, má ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ọdẹ́wálé bá gbéra. Ẹ má béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà ni, ẹsẹ̀ sì ni. Ní ẹnu Igbó Amọ́ẹsẹ̀, ó bá iwin kan tí ó jókòó lórí òkìtì ọ̀gán, tí ń jẹ́ Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta. Ẹnu kan ń jẹun, ẹnu kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnu kẹta ni ó ń bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀. Yí i ká ni àwọn kùkùté wà. Nígbà tí Ọdẹ́wálé wò wọ́n dáadáa, ó rí i pé kùkùté kọ̀ọ̀kan dé fìlà ọdẹ. Àwọn onífìlà wọ̀nyí ni akọni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi ì bá wà láàrin wọn bí kò ṣe pé mo ní iṣẹ́ nílé lọ́jọ́ náà.

"Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn," ni ẹnu kẹta wí. "Kò wúwo tó ìyẹ́ ológoṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sí ọ̀fun, erin kò ní lè jẹun. Kí ni?"

Ìdáhùn púpọ̀ sáré wá sí Ọdẹ́wálé lẹ́nu, ó gbé gbogbo wọn mì.

"N kò mọ̀ ọ́n, bàbá."

Ẹnu tí ń jẹun dúró. "Tún un wí."

"N kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú."

Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta wo àwọn kùkùté rẹ̀. "Èyí ní ebi ni. Ìyẹn ní ikú ni. Tọ̀hún dárúkọ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí, ará ìlú yín kan ni àkọ́kọ́, ìwọ ni ẹni kejì tí yóò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Máa lọ. Nígbà tí o bá ń bọ̀, bá mi mú ìdáhùn wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kùkùté kan wà lẹ́yìn mi níbí tí kò tíì ní fìlà."

Ọdẹ́wálé di fìlà rẹ̀ mú, ó kọjá. Láìpẹ́ ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Afipáṣe. Àwọn ará ibẹ̀ ga bí ìrókò, apá wọn sì nípọn. Ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí a fà ni wọ́n ń tì, nígbà tí ó bá kọ̀, wọ́n á gba inú ògiri wọlé. Kò sí ilé kan tí kò ní ihò. Wọ́n fi ọwọ́ kan gbá Ọdẹ́wálé mú, wọ́n gbé e lọ sí àgbàlá kan tí ọmọ tuntun ti ń ké. Ọmọ náà tó ọmọ màlúù, ikùn rẹ̀ le bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí itan, ó di imú rẹ̀, ó ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Ọmọ náà pọ̀ ọ́ padà sí i lójú.

"Kò jẹun láti àná," ni obìnrin náà wí, ó ń sunkún. "Bí a ti ń rọ ọ́ tó ni ó ń ké tó. Àjèjì, mú kí ó mu ọmú, tàbí kí a fi ọ́ dí ihò ògiri."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

"Kí lo fẹ́ wò?"

"N kò tíì mọ̀, mà."

Ó jókòó ti ọmọ náà. Ó rí i pé ó ń ya ẹnu sí ọmú, ó ń fà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jáwọ́, ó ń ká ẹsẹ̀ sókè. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti gba àyè oúnjẹ. Ọdẹ́wálé rántí ìyá rẹ̀, bí ó ti máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ó ní, "Ẹ dá ẹ̀kọ dúró. Ẹ bá mi gbé e lé èjìká."

Wọ́n gbé e lé e. Ẹsẹ̀ ọdẹ rì sínú ilẹ̀ dé kókósẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọmọ náà lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúró, ó tún gbá a, ó ń tẹ́tí. Lójijì ọmọ náà gùfẹ̀. Òrùlé ilé tí ó wà lẹ́yìn wọn fò lọ. Àwọn òmìrán dojúbolẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọmọ náà ti ń mu ọmú, ó ń fi ọwọ́ kan ṣeré létí ìyá rẹ̀.

Nínú ìgùfẹ̀ náà ni ọmọ afẹ́fẹ́ kan ti jáde. Kò ní ojú, ṣùgbọ́n ènìyàn á mọ̀ pé ó ń wo òun. Ó fò yí orí Ọdẹ́wálé ká, ó súfèé, ó sì ń fa etí ẹ̀wù rẹ̀ títí ó fi mú un dé pápá gbalasa kan. Níbẹ̀ ni Ìyá Afẹ́fẹ́ jókòó sí, tí ń fi koríko dirun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré káàkiri, ó ń fi ohùn mọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́ra, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà.

"Ó ku ọ̀kan," ni ó wí. "Lọ́dọ̀ yín ni ó wà."

Ọdẹ́wálé dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, a kò jí ọmọ yín gbé."

"N kò sọ pé ẹ jí i. Àwọn ọmọ mi kì í rí àyè tí ó ṣófo kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Nígbà tí o jẹ́ kí epo tán nínú irin yẹn, ọmọ mi rìn wọlé. O wá da epo tuntun lé e lórí, o sì sé e mọ́ inú páìpù. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sunkún níbẹ̀. Ó jókòó sí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà, epo kò lè kọjá, ẹ̀yin sì ń yí i, ẹ ń yí i."

Àánú ṣe Ọdẹ́wálé. Ó rántí "fùú, fùú" tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ó mọ̀ nísinsìnyí pé ẹkún ni. "Àṣà wa ni a tẹ̀ lé," ni ó wí. "Láṣebìkan náà tẹ̀ lé e."

Ìyá Afẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó jí, Láṣebìkan ti ń bu epo tuntun lé ti àná. Ó bẹ̀rù ẹnu yín ju bí ó ti bẹ̀rù mi lọ, ni kò fi sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ó kọ́ ọ. Ó ní páìpù náà ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan lórí asẹ́ epo, ọ̀kan lára pọ́ńpù tí ń ti epo, ọ̀kan lókè pátápátá níbi tí epo ti ń tú wọ inú ẹ̀rọ bí ìrì. "Láti ìhà táńkì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa sìn ín lọ sókè. Má ṣe ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Tú nọ́ọ̀tì tí ó dì í díẹ̀, kí o sì máa rọra ti epo bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yóò jáde pẹ̀lú ìfófòó, yóò máa súfèé. Bí o bá dì í nígbà tí ó ṣì ń súfèé, ọmọ mi kù sínú. Bí o bá dúró títí epo fi dá, òmíràn á wọlé. Nígbà tí epo bá ń ṣàn láìní ìfófòó, lójú ṣíṣàn náà gan-an ni kí o dì í."

"Ìyá, bí mo bá ṣì í ńkọ́?"

"Tún un tú. Irin kì í bínú sí ẹni tí ń ṣe sùúrù fún un."

Ọdẹ́wálé padà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta, ó ti ń wí kí wọ́n tó bi í: "Afẹ́fẹ́ ni, bàbá. Mo sì ti gbé ọmọ tí ó há lọ́fun lé èjìká." Ẹnu tí ń rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnu tí ń jẹun tú ohun tí ó ń jẹ dànù: ìdí ìbọn ọdẹ kan ni. Ọdẹ́wálé kò dúró wò ó.

Nígbà tí ó gun àpáta dé ìlú, ó bá àwọn ènìyàn pẹ̀lú ẹrù lórí. Àgbá ti gbẹ. Wọ́n tò sójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ ṣíwájú, nítorí ẹni tí ó bá ṣíwájú ni yóò kọ́kọ́ kọjá níwájú ilé Fẹ̀hìntọ́lá. Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ife omi tí ó kẹ́yìn ní ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kò tíì fi kan ẹnu.

"Ẹsẹ̀ Ọdẹ́wálé ni mo ń gbọ́ yẹn," ni ó wí.

Ọdẹ́wálé kọjá lọ sọ́dọ̀ Láyẹmọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀. Mo fẹ́ ọwọ́ yín."

"Dúró-ná dé," ni Láyẹmọ wí. "A dúró, a dúró, omi tán." Ṣùgbọ́n ó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọdẹ́wálé mú sípánà. Ó tú nọ́ọ̀tì orí asẹ́ epo díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ irin kékeré tí ń ti epo lọ síwájú. Ìfófòó funfun rú jáde, epo ń ṣàn sílẹ̀ lára ẹ̀rọ. Àwọn àgbà kígbe pé ó ń da epo ìlú nù. Kò gbọ́ wọn. Epo mọ́, ó dì í. Ó lọ sí ara pọ́ńpù, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá tú nọ́ọ̀tì òkè, ó ní kí Láyẹmọ máa yí ẹ̀rọ náà, kí ó má ṣe fi ipá yí i.

"Láì fi ipá?" ni Láyẹmọ béèrè. "Ta ni ó kọ́ mi ní ìyẹn rí?"

Ó ń yí i wọ́ọ́rọ́. Epo ń ta jáde tọ́-tọ́ pẹ̀lú ìfófòó. Nígbà tí ó pẹ́, ìfófòó náà tán.

"Ó ti mọ́," ni Láyẹmọ wí. "Dì í."

"Ẹ dúró ná."

"Apá mi ń gbọ̀n, Ọdẹ́wálé."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró ná."

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́, tí kò tó ohùn ẹ̀fọn. Ó ń wo epo, ó ń wo epo. Láyẹmọ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, èémí kékeré kan sì jáde pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tí ó sunkún sunkún tí ó wá sùn. Ó kọjá lára Láyẹmọ, ó tutù mọ́ ọn lọ́rùn. Ó kọjá láàrin àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà Fẹ̀hìntọ́lá, ó ṣí gèlè lórí rẹ̀ díẹ̀, ó sì gba orí àpáta lọ sílé. Epo ń ṣàn gaara. Ọdẹ́wálé dì í lójú ṣíṣàn.

"Ẹ wá fi ipá yí i báyìí."

Láyẹmọ yí i. Bàbá Dùgùdùgù wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó ní "dùgù," ó dákẹ́ bí ẹni tí ń ronú, ó sì wá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Dùgù-dùgù, dùgù-dùgù." Omi bẹ̀rẹ̀ sí dún nínú àgbá. Kò sí ẹni tí ó hó yèè. Ẹrù ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi kún.

Ohun tí ó kù wá ba Ọdẹ́wálé lẹ́rù ju Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀ àti àwọn àgbà, ó ní, "Baálẹ̀, láti òní lọ, mo gbọ́dọ̀ máa da epo tuntun lé ti àná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ yóò tún wọ̀ ọ́. Láṣebìkan ń ṣe é, kò lè sọ fún yín ni."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Àṣà tí a bá láyé?"

Fẹ̀hìntọ́lá ni ó dáhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ìyá ìyá mi ni ó fi àṣà yẹn lélẹ̀. Epo pupa tí ó ti kan ni kò fẹ́ kí ẹ fi ba tuntun jẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ń bá wí. Obìnrin náà kò fojú kan ẹ̀rọ títí ó fi kú, kí ló fẹ́ sọ sí i?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Nígbà náà ni ìyá náà gbé ife omi tí ó kẹ́yìn, ó mu ún tán, ó sì na ife òfìfo náà sí ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun bu òmíràn.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ẹ̀pà rẹ̀ bá kù kí ó rántí ẹni tí ẹnu ń yún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Òkè-Àgbámu kọjá lọ́jọ́ kan, tí ẹ gbọ́ tí Bàbá Dùgùdùgù wúkọ́ tí ó dákẹ́, ẹ kò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe oníjàkadì. Àwọn obìnrin tí ó wà nídìí omi á kàn gbé ojú sókè, wọ́n á ní, "Dúró-ná, ọmọ ń ké. Wá gbé e lé èjìká."